Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Lórí Bíréèkì Ọkọ̀ Ọlọ́yẹ́

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, òórùn yangí tútù ló máa ń kọ́kọ́ gba imú èèyàn, kí òórùn máńgòrò tó tẹ̀ lé e. Àsìkò máńgòrò ni, èso náà sì pọ̀ nílùú débi pé ewúrẹ́ pàápàá á gbóòórùn rẹ̀, á sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, òórùn máńgòrò náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, torí pé ọkọ̀ ńlá kan ló dúró lórí wọn. Imú ọkọ̀ náà ti wọ àárín apẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, omi èso ń ṣàn lábẹ́ táyà, ìyá tó ni ọjà jókòó sórí àpótí, ó ń fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tó bó díẹ̀, ó ń ṣe "Alihamudulilai" léraléra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ni bàbá mi dúró sí, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Bàbá mi kì í ṣí fìlà àfi bó bá fẹ́ sùn. N kò rí fìlà lọ́wọ́ rẹ̀ níta gbangba rí.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́, kó lè yé ọ ìdí tí fìlà yẹn fi dùn mí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Ogójì ọdún ló fi wa lọ́rì, ó ń gbé obì lọ sókè Ọya, ó ń kó àlùbọ́sà bọ̀, kò sì pa èèyàn kankan rí. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló pa, títí ó fi kú ló sì ń sọ pé ewúrẹ́ náà ló jẹ̀bi. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ kò gba lọ́rì mọ́, Àlàájì kan tó ń ta aṣọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀, ó ní kó wá máa gbé òun kiri. Ó wá ń gbé lọ́dọ̀ mi láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì, á sì padà sí Ọ̀yọ́ bí ọ̀sẹ̀ bá parí. SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan dọ̀wọ́n, ti dé nígbà náà, o mọ̀ bó ṣe rí: ẹni tó ń jẹ ẹran mẹ́ta ti ń jẹ ẹyọ kan, ẹni tó ní mọ́tò ti gbé e sórí búlọ́ọ̀kù. Àsìkò yẹn gan-an ni Àlàájì gba ọkọ̀ ọlọ́yẹ́ tuntun láti òkè òkun, ọkọ̀ tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ atẹ́gùn rẹ̀, otútù inú rẹ̀ á dà bí ti ìgbà ọyẹ́. Bàbá mi fẹ́ràn ọkọ̀ náà. Á nù ún láàárọ̀, á tún nù ún nírọ̀lẹ́.

Òun náà ló kọ́ mi ní mọ́tò, nínú ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo wa ń pè ní ìjàpá, tí mo rà lọ́wọ́ olùkọ́ kan tó fẹ̀yìntì. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, ó mú mi lọ sílé àgbẹ̀dẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ọ̀yọ́, ó ní kí n jókòó ti ẹwìrì, kí n máa fín iná. Èmi tí mo ti gboyè jáde! Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fín ẹwìrì, tí èéfín ń wọ̀ mí lójú, tí bàbá mi dúró lẹ́yìn mi, tó ń kà á sí mi létí pé, "Tẹ̀ ẹ́, tú u. Tẹ̀ ẹ́, tú u." Ó ní bí wọ́n ṣe ń tẹ bíréèkì nìyẹn. "Bó o bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó ò tú u, táyà á gan, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ, kò sí bó o ṣe lè yí sítíárìn tó máa gbọ́ tìẹ."

Láyé lọ́rì rẹ̀, ìdí kejì tún wà tí wọ́n fi ń tú bíréèkì. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá tán lójú ọ̀nà, omi ọṣẹ ni wọ́n máa ń bù sí i kí wọ́n lè délé. Bíréèkì olómi ọṣẹ a máa rọ̀ bí ẹ̀kọ, àfi kéèyàn tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó gbé ọkọ̀ dúró. Bí irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ bá wá ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, àwọn awakọ̀ ìgbà náà á ní ó ń dágbére ni. Wọ́n á tú u kíá, wọ́n á tún un tẹ̀.

Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyẹn. Bàbá mi ń bọ̀ wá gbé Àlàájì ní ṣọ́ọ̀bù, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ilẹ̀ ń yọ̀, ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere sì ya wọ ojú ọ̀nà lójijì. Ó tẹ bíréèkì. Bíréèkì gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ń dún gìrìrì. Ó tú u. Ó tún un tẹ̀, ó tún gbọ̀n, ó tún tú u. Ọkọ̀ kò dúró. Ó yà fún ọlọ́kẹ̀kẹ́, ó sì já sínú máńgòrò.

Àlàájì kò pariwo. Ó bẹ ìyá ọlọ́jà, ó tọ́jú rẹ̀, ó wá ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì rẹ̀. Mẹkáníìkì dúró kí ilẹ̀ gbẹ, ó wa ọkọ̀ náà lọ sọ́nà Ìlọrin, ó wà á padà, ó ní bíréèkì náà le dáadáa, kò sí ohun tó ṣe é.

"Bàbá, ẹ ní bíréèkì gbọ̀n," Àlàájì wí. "Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ní kò gbọ̀n. Bó bá jẹ́ pé oorun ló gbé yín lọ, ẹ sọ fún mi, kò séwu. Irọ́ nìkan ni mi ò fẹ́."

"Àlàájì, ó gbọ̀n," bàbá mi dá a lóhùn.

Àlàájì ní kó lọ sinmi títí di Sátidé, kí òun fi ronú bóyá kí òun wá ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé iṣẹ́ nìkan kọ́ ni bàbá mi ń bẹ̀rù pé òun á pàdánù. Nínú ogójì ọdún tó fi wakọ̀, ohun kan ṣoṣo tó kó jọ ni pé bó bá ní báyìí ni ọ̀nà ṣe rí, àwọn èèyàn á gbà á gbọ́. Wọ́n wá fẹ́ gba èyí náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láwọn ọjọ́ yẹn kò jẹun tó bó ṣe yẹ. Á jókòó síwájú ilé, á máa wo ojú títì, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò láìmọ̀.

Èmi gbà á gbọ́, àmọ́ ìgbàgbọ́ ọmọ kì í ṣe ẹ̀rí. Lọ́jọ́rú, mo lọ bá mẹkáníìkì náà, mo ní kó jẹ́ kí n wo inú ọkọ̀. Nínú àpótí kékeré tó wà níwájú ìjókòó ọ̀tún ni mo ti rí ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá, ó ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í. Kò sẹ́ni tó ṣí i rí. Àlàájì kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, bàbá mi kò mọ̀wé rárá, mẹkáníìkì sì gbà pé ọwọ́ òun ni ìwé òun. Mo gbé e lọ sílé ẹ̀kọ́, mo ń kà á nínú yàrá àwọn olùkọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń jẹ ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo débi tó sọ nípa bíréèkì kan tí kì í jẹ́ kí táyà gan. Ó ní bó bá ti ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀, á sì máa dún. Ó ní kí awakọ̀ má fòyà. Kó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gbagidi, kó má sì tú u rárá títí ọkọ̀ á fi dúró.

Orí mi wú, àyà mi sì já lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá mi kò purọ́, bíréèkì gbọ̀n lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó gbè é yìí kan náà ló sọ pé bàbá mi fúnra rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ náà dúró. Bí mo bá kà á fún Àlàájì, mo yọ bàbá mi kúrò nínú irọ́, mo tì í sínú àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo gbé ìwé náà kiri nínú báàgì mi di ọjọ́ kejì, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Nígbà tí bàbá mi kírun alásàrí tán lọ́jọ́ kejì náà, mo jókòó tì í, mo sì ṣàlàyé. Mo ní irin róbótó eléyín wẹ́wẹ́ kan wà lára táyà kọ̀ọ̀kan, ohun kékeré kan sì wà nítòsí rẹ̀ tó ń ṣọ́ bó ṣe ń yí. Gbogbo wọn ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà kan. Bí táyà kan bá fẹ́ dúró nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé ó fẹ́ gan, á tú bíréèkì táyà náà sílẹ̀ díẹ̀, á tún un dì, á tún un tú, lọ́pọ̀ ìgbà kéèyàn tó ṣẹ́jú. Ìtúsílẹ̀ àti ìdìmú yẹn ló ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Nítorí náà táyà kò ní yéé yí, sítíárìn náà kò sì ní yéé gbọ́ràn.

Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ ilẹ̀, ó gbé e sókè. "Tẹ̀ ẹ́, tú u," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Òun ló ń ṣe é fúnra ẹ̀."

"Àgbẹ̀dẹ ti wà nínú táyà nìyẹn, tí èmi náà tún gbé ẹwìrì tèmi dé." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Lórí òkúta wẹ́wẹ́ ńkọ́? Kí ni ìwé yẹn wí?"

Mo ṣí i wò. Ìwé náà ní lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti ilẹ̀ tó tú, ọkọ̀ náà lè pẹ́ kó tó dúró ju èyí tí táyà rẹ̀ gan lọ.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀," ó wí. "Níbẹ̀, táyà tó bá gan á wọ́ yangí jọ síwájú ara ẹ̀, á fi dúró. Ẹni tó kọ ọ́ wakọ̀ rí." Ẹnu yà mí. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, gbogbo ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ṣùgbọ́n ayọ̀ yẹn kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Èmi ni mo tú u, nígbà náà. Bó bá jẹ́ ọmọ ló jókòó síbi máńgòrò yẹn ńkọ́?"

Mo ní kò pọn dandan ká ka gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì. Ká kàn ka ibi tó ní bíréèkì á gbọ̀n, ká pa ìwé dé. Bàbá mi wò mí bó ṣe máa ń wò mí nígbà tí mo kéré, tí mo bá jí ẹran nínú ìkòkò.

"Tíṣà," ó wí, "ka gbogbo ẹ̀ fún un."

Mẹkáníìkì ni mo kọ́kọ́ kà á fún, lọ́jọ́ Jímọ̀. Kò bá mi jiyàn, ó kàn ń họ orí. Ó ní ọ̀rọ̀ náà rọrùn, fíúùsì kan báyìí ló gbé kọ̀ǹpútà yẹn ró, bí òun bá yọ ọ́, bíréèkì á padà di èyí tí Bàbá mọ̀, wọ́n á sì máa tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wù wọ́n. Mo wá bi í léèrè ohun tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti Ọjọ́rú: ṣé kò sí bó ṣe lè bá mi fi irú rẹ̀ sínú ìjàpá tèmi? Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ọkọ̀.

"Àǹtí, bí ẹ bá ta ìjàpá yẹn tẹ́ ẹ tún tara yín mọ́ ọn, kò lè ra kọ̀ǹpútà yẹn nìkan. Ibo lẹ tiẹ̀ fẹ́ gbé e sí? Orí itan yín? Ọkọ̀ kékeré ò nílò ẹ̀ jàre, kò wúwo, kì í sì í sáré."

Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ nígbà náà nìyẹn. Mi ò gbà fún un lọ́jọ́ náà, mi ò sì tíì gbà títí dòní. Ọkọ̀ kékeré la máa ń kó ọmọ mẹ́rin sí lẹ́yìn, táyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa ń lo táyà ọ̀hún títí á fi pá. Ẹni tí ilẹ̀ ń yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀ ló yẹ kó mú ọ̀pá dání. Ṣùgbọ́n ohun rere ayé yìí, ilé olówó ló kọ́kọ́ máa ń yà, ó sì pẹ́ gan-an kí bíréèkì yẹn tó délé àwa onímọ́tò kékeré.

Nígbà tí mo sọ ti fíúùsì fún bàbá mi, ó kọ̀ jálẹ̀. "Kí wọ́n fọ́ ojú ọkọ̀ torí pé ẹsẹ̀ mi ò mọ̀ ọ́n lò? Rárá o."

Ní Sátidé, mo ka gbogbo rẹ̀ fún Àlàájì ní Yorùbá, ibi tó gbe bàbá mi àti ibi tó dá a lẹ́bi. Àlàájì fọwọ́ lẹ́rán, ó gbọ́ ọ dópin. "Bàbá, ẹ má bínú," ó wí. "Ẹ ò purọ́ fún mi." Mo rí èjìká bàbá mi tó wálẹ̀. Àlàájì ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kó kọ́ ọkọ̀ náà, kó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. La bá kọrí sí pápá ilé ẹ̀kọ́ wa, níbi tí òjò àná ṣì wà lára koríko.

Àlàájì fẹ́ kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀, ló bá ní kí n fi ìjàpá dán an wò. Mo sáré dé àárín pápá, mo tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, mi ò tú u. Gbogbo táyà gan. Ìjàpá ń yọ̀ lọ bí ọṣẹ, ó yí po, ó wá kọjú sí Àlàájì fúnra rẹ̀, bàbá ọlọ́rọ̀ sì fò sẹ́yìn igi máńgòrò pẹ̀lú agbádá. Bàbá mi wọlé sínú ọkọ̀ kan náà, ó sáré dé ibi kan náà, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ó tẹ̀ ẹ́, ó tú u, ìjàpá sì dúró gbọnrangandan. Àlàájì pàtẹ́wọ́. Ká ní ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí, inú mi ì bá dùn.

Ó wá kan ọkọ̀ ọlọ́yẹ́. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti ri igi kan mọ́lẹ̀ níwájú, ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó débẹ̀. Ó sáré, ó tẹ̀ ẹ́, bíréèkì dún gìrìrì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fò sókè. A kọjá igi. Ó tún un ṣe, ẹsẹ̀ tún fò sókè. Òógùn bò ó nínú otútù ọkọ̀ yẹn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Má tú u, má tú u." Lẹ́ẹ̀kẹta, bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó yọ ọwọ́ ọ̀tún kúrò lórí sítíárìn, ó fi tẹ orúnkún ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń di àgbò mú lọ́jọ́ iléyá. Ọkọ̀ náà dúró láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì, ó ku bí ẹsẹ̀ mẹ́wàá ká dé ibi igi.

Àlàájì ń pariwo ayọ̀ níta. Òun kò rí ọwọ́ yẹn, èmi nìkan ni mo rí i. Bàbá mi kò wò mí, èmi náà kò wò ó. Mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ ti parí. Iṣẹ́ ti padà, orúkọ ti padà, kò sẹ́ni tó nídìí láti mọ̀.

Àlàájì na kọ́kọ́rọ́ sí i, ó ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Bàbá mi gbà á, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà.

"Àlàájì, ọwọ́ ni mo fi di orúnkún mi mú. Ẹsẹ̀ mi ò tíì gbà. Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín lẹ máa ń jókòó lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá já lójijì, mi ò ní ráyè wá orúnkún. Ẹ wá ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì mọ nǹkan kan, ìyẹn á tètè kọ́ ọ."

Àlàájì gba kọ́kọ́rọ́ náà. Ó ní, "Bàbá, ẹni tó lè sọ irú èyí ni mo fẹ́ kó máa gbé mi."

"Ẹ ṣé o, Àlàájì. Ẹ jẹ́ kó rí bí mo ṣe wí."

Ìjàpá la gbé lọ sí Ọ̀yọ́ nírọ̀lẹ́ yẹn, òun ló wà á. Mo fẹ́ bi í bóyá kò dùn ún, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀, òun ló sì já a fún mi. "Ó dùn mí," ó wí. "Ó dùn mí gan-an." Ó tún wakọ̀ lọ díẹ̀. "Ṣé o rí ọwọ́ mi lórí orúnkún?"

"Mo rí i, Bàbá."

Kò bi mí ní ìdí tí mi ò fi sọ̀rọ̀. Ì bá sàn kó bi mí.

Ó gbé ọdún púpọ̀ sí i láyé, ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò ní Ọ̀yọ́ nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké wọn, ó sì máa ń fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn máńgòrò fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Èmi náà ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì láti ìgbà náà. Mo máa ń rò pé èmi ni mo gbé òótọ́ jáde nínú ọ̀ràn yẹn, torí èmi ni mo ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n ìdajì ìwé náà ni mo fẹ́ kà, bí kì í bá ṣe bàbá mi. Èyí tí mo sì fojú ara mi rí nínú ọkọ̀, mo fẹ́ gbé e mì. Bí mo bá rántí ọjọ́ náà, ojú a tì mí pé mo fẹ́ dákẹ́, orí mi a sì wú pé ọmọ ẹni tí kò dákẹ́ ni mí.